Bavẹ́ẹ̀tì Mọ́tò Bàbá Làtífá

Tí màmá mi bá ń sọ ibi tí mo wà fún àwọn ará àdúgbò wa l'Abẹ́òkúta, òkè òkun ló máa ń pè é. Mo ti ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Mo ní, "Màámi, kò sí òkun láàárín wa. Mọ́tò ni mo wọ̀ débí, orí ilẹ̀ ni mo gbà." Ó ní òun ò bá mi jiyàn, ibi tí wọ́n bá ti ń ná owó mìíràn, tí ọlọ́pàá wọn sì ń sọ Faransé, òkè òkun ni. Ó ní kí n ṣáà máa tọ́jú ara mi, kí n sì máa bọ̀wọ̀ fún bàbá tó gbà mí sílé.

Bàbá yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú mi, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún màmá mi títí di òní. Ike dúdú kan ló dá a sílẹ̀, ike abẹ́ bọ́ńpà iwájú mọ́tò, èyí tí kò gùn ju apá mi méjèèjì lọ tí mo bá nà wọ́n.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni kí n máa na ara mọ́tò tó bá ti rún padà sípò. Nílé, panẹbítà ni wọ́n ń pè wá. Ní Sàkẹ́tẹ́ níbí, lódìkejì bọ́dà, tólíyé ni. Nígbà tí wọ́n lé wa kúrò níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ l'Abẹ́òkúta, mo jókòó sílé fún oṣù mélòó kan, mi ò rí nǹkan ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní mọ́tò àtijọ́ pọ̀ ní ìhà Pọ́bẹ̀ àti Sàkẹ́tẹ́, pé ọwọ́ tó lè tún wọn ṣe ni kò tó. Mo kó òòlù mi sínú àpò, ó di gbére.

Mo ní lọ́kàn mi pé, ṣebí Yorùbá náà ni wọ́n? Kí ló tún kù? Ẹ wá wò mí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò rẹ̀ na ọwọ́ sí mi, ó ń pariwo, "Kilé! Kilé!" Mo wẹ̀yìn, mo wò yíká, mi ò rí ẹranko kankan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń lé yín?" Ha! Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Sípánà ni ọkùnrin náà ń béèrè, Faransé ni wọ́n fi ń pè é. Jáàkì tí mo mọ̀, kíríkì ni lọ́dọ̀ wọn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, kapó ni. Títí di òní, àwọn obìnrin kan wà lọ́jà Sàkẹ́tẹ́ tó jẹ́ pé "Kí ló ń lé ẹ?" ni wọ́n fi ń kí mi.

Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Wọ́n á máa sọ Yorùbá bọ̀, èmi náà á máa gbọ́, a ó dé àárín ọ̀rọ̀, wọ́n á kàn bọ́ sínú èdè Gùn, wọ́n á fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti rẹ́rìn-ín tán. Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí: "Nàìjíríà, wá jẹun." "Nàìjíríà, o ò ní kìlò fún àwọn èèyàn yín?" Nílé, mi ò jẹ́ Nàìjíríà rí, ọmọ Ìyá Aládìrẹ ni mo ń jẹ́. Àwọn kan tún máa ń sọ lójú mi pé iṣẹ́ àwọn ará Nàìjíríà, iṣẹ́ kánjúkánjú ni, pé á máa dán lójú ni, kì í tọ́jọ́. Ìyẹn ló mú mi fi òfin de ara mi pé ọ̀rọ̀ "mi ò mọ̀" ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi ní ìlú yìí.

Bàbá Làtífá nìkan ni kì í pè mí ní Nàìjíríà. Ọmọ Ẹ̀gbá ló ń pè mí. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ ló fún mi kí n máa fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó sì fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé. Kò mọ̀ mí rí. Ó kàn wo òòlù mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Awakọ̀ ni bàbá náà. Mọ́tò Jámánì kan ló ní, aláwọ̀ tíì oní mílíìkì, ọjọ́ orí rẹ̀ ju tèmi lọ. Òun ló fi ń gbé àwọn ìyá oníṣòwò gàrí láti Sàkẹ́tẹ́ lọ sí Pọ́bẹ̀, nígbà mìíràn sí Àjàṣẹ́. Okùn dúdú ló fi so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń wa mọ́tò yẹn. Ní gbogbo àárọ̀, tó bá ti kírun Ààsùbáà tán, búútà tó fi ṣàlùwálá yẹn náà ló máa fi bu omi sínú rédíétọ̀. Á bu ú títí á fi máa dà sórí sálúbàtà rẹ̀. Nígbà náà ni á wá sọ pé, "Ó ti yó," bí ẹni tó bọ́ ọmọ.

Òkúta ló ba ike yẹn jẹ́. Kámíọ̀ kan tó ń kó òkúta bọ̀ láti ìhà Oníigbólò já a sílẹ̀ lójú títì, Bàbá ò ráyè yà fún un. Nígbà tó délé, ike abẹ́ bọ́ńpà ti pín sí méjì, apá kan ń wọ́ nílẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ Ẹ̀gbá, bavẹ́ẹ̀tì mi ti já. Bá mi wá òmíràn fi sí i."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá." Bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bavẹ́ẹ̀tì. Nílé, irú ike bẹ́ẹ̀, tó bá ti já, a ó jù ú nù ni. Ṣùgbọ́n ta ni mo máa bi? Tí mo bá bi tólíyé ẹgbẹ́ mi, ìròyìn á dé ọjà kí oòrùn tó wọ̀. Mo sáré dá títì kọjá sọ́dọ̀ Sènámì, aránṣọ tó wà ní òdìkejì wa. Ọmọ Gùn ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kì í sì í fi mí ṣẹlẹ́yà.

Mo ní, "Sènámì, kí ni bavẹ́ẹ̀tì?"

Ó gbé èyí tó ń rán lọ́wọ́ sókè, aṣọ kékeré kan tó ní okùn méjì. "Òun nìyí. Tí a máa ń so mọ́ ọmọ ọwọ́ lọ́rùn kí itọ́ má bàa ba ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́. O ti bímọ ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ti yé mi, mo rò pé ó ti yé mi. Ohun tó ń gba ẹrọ̀fọ̀ kó má bàa ta sára mọ́tò ni. Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá, mo káwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá, mo ní, "Bàbá, fáárí lásán ni nǹkan yìí. Mọ́tò yín ti dàgbà kọjá ẹni tí à ń so nǹkan mọ́ lọ́rùn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó ta mọ́tò yìí fún mi ní kí n má yọ ọ́ o."

Mo ní, "Àwọn tó ń tajà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá, kí ẹ lè máa rà á lọ́wọ́ wọn."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ."

Mo tú u kúrò. Mo gé apá tó tẹ́jú níbẹ̀, òun ni mo fi ń po lẹ̀ẹ́ tí a fi ń dí ojú páànù. Ojoojúmọ́ ni mo ń lò ó.

Oṣù kan ò tíì pé tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ ni, oòrùn ọ̀sán mú bí iná. Bàbá gbé ìyá oníṣòwò mẹ́rin, gàrí kún ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n fi eré bá títì Pọ́bẹ̀ lọ. Agogo tó yẹ kó máa sọ bí íńjìnnì ṣe ń gbóná ti kú tipẹ́. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ Pọ́bẹ̀ nígbà tí èéfín bo wọ́n lójú, íńjìnnì sì dákẹ́. Wọ́n ti í dé ọ̀dọ̀ Àlàbí, mẹkaníìkì tó wà ní àbáwọlé ìlú. Èmi àti Làtífá gun zẹ̀mí, ọ̀kadà tiwọn, lọ bá wọn. Làtífá yìí ni àkọ́bí Bàbá, gàrí lòun náà ń tà, inú ilé kan náà la jọ ń gbé.

Àlàbí ti ṣí kapó. Ó ní rédíétọ̀ gbẹ fúrúfúrú, orí íńjìnnì sì ti tẹ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ńpà.

"Bavẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà?"

Mo ní, "Fáárí lásán kọ́ ni?"

Ó wò mí bí ẹni tó rí òpè. "Fáárí kẹ̀? Atẹ́gùn ló ń gbá lójú títì, tó ń darí rẹ̀ sókè sójú rédíétọ̀. Tí ò bá sí, abẹ́ mọ́tò ni atẹ́gùn máa gbà sá lọ. Tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín ìlú, o ò ní mọ̀. Jẹ́ kó sáré nínú oòrùn pẹ̀lú ẹrù, omi á hó títí á fi tán. Ta ló yọ ọ́?"

Mo ní, "Òkúta ló já a."

Òótọ́ kọ́, irọ́ kọ́. Àlàbí mi orí. Ó ní, "Ó lè jẹ́ òun. Ó sì lè jẹ́ pé bàbá ò bu omi. Ẹ bi í léèrè."

Làtífá ló bi í. Orí àpótí ni Bàbá jókòó sí, ó fi fìlà rẹ̀ nu ojú. "Bàbá, ṣé ẹ bu omi láàárọ̀ yìí?"

"Mo bu omi."

"Ẹ rò ó dáadáa. Ṣé òní ni, àbí àná lẹ ń rántí?"

Mo rí i tí ojú Bàbá ń wá nǹkan kiri. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Tí èèyàn bá ń ṣe nǹkan kan náà ní gbogbo àárọ̀, báwo ló ṣe máa ya ti òní sọ́tọ̀ kúrò lára ti àná? Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Ọmọ Ẹ̀gbá. Ìwọ wà lóde láàárọ̀. Ṣé o rí mi?"

Mo rí i. Mo ń gbá abẹ́ igi máńgòrò lọ́wọ́, omi dà sórí sálúbàtà rẹ̀, ó ní, "Ó ti yó," mo sì kí i pé ẹ kú ojúmọ́. Gbogbo rẹ̀ wà lójú mi kedere. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo rí i, a jẹ́ pé bavẹ́ẹ̀tì ló kù. Àlàbí dúró níbẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́rin náà dúró níbẹ̀. Wọ́n á ní ẹ ò rí Nàìjíríà, ẹ ò rí iṣẹ́ kánjúkánjú wọn. Bàbá á ní kí n kó òòlù mi. Ibo ni mo máa lọ?

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá. Mi ò kíyè sí i."

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí mo ti fòfin dè. Bàbá mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Á jẹ́ pé mo gbàgbé."

Àlàbí tún íńjìnnì ṣe, mọ́tò padà wálé, ṣùgbọ́n Làtífá ò jẹ́ kí Bàbá wà á mọ́. Kò fi ìjà ṣe é. Ó kúnlẹ̀ fún un, ó ní, "Bàbá, lónìí omi ni. Lọ́la ńkọ́, tó bá jẹ́ bíréèkì lẹ gbàgbé?" Bàbá tú okùn náà lọ́rùn. Làtífá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró rẹ̀. Bàbá padà sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ọwọ́ wá okùn tí kò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

Oṣù méje ló fi jókòó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré sí ibi tí mo ti ń lu páànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ẹni tó gbà mí sílé ni. Tó bá fẹ́ lọ sí Pọ́bẹ̀, wọ́n á fi ẹnìkan tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Tó bá ń sọ ìtàn àtijọ́, wọ́n á máa wo ara wọn lójú tó bá ṣi orúkọ pè, orúkọ tí èmi náà lè ṣì pè. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri. Mo bi í pé kí ni. Ó ní tóun bá ti kírun, òun á fa ọ̀kan. Tóun bá ti lo oògùn, òun á fa ọ̀kan. "Kó má di pé mo tún gbàgbé," ló sọ, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ojú ń tì.

Ẹ̀rí ọkàn jẹ mí dé eegun. Mo ń sọ fún ara mi pé màá sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Jímọ̀ á dé, màá ní ó di ọjọ́ mìíràn. Ó sì máa ń ṣe mí bíi pé tó bá jẹ́ Abẹ́òkúta ni, tó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, ǹ bá ti dọ̀bálẹ̀ kí n jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ojo èèyàn ni mí, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ lájò.

Lọ́jọ́ kan, màmá mi pè, ó ní òun fẹ́ kí Bàbá. Mo ṣí ohùn fóònù síta, mo gbé e fún Bàbá. Wọ́n kí ara wọn títí, Ẹ̀gbá ń sọ tirẹ̀, Ànàgó ará Sàkẹ́tẹ́ ń sọ tirẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ara wọn. Màámi ní, "Ẹ ṣé o, ẹ bá mi tọ́jú ọmọ mi." Bàbá ní, "Ọmọ yín ò níwà burúkú o, Ìyá. Kì í purọ́. Lọ́jọ́ tí mọ́tò mi bàjẹ́, ẹlòmíràn ì bá purọ́ láti gbè mí lẹ́yìn, ká jọ máa tan ara wa. Òun ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò rí, kò ní òun rí i."

Mo dìde kúrò níbẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sì sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, ike tí mo fi ń po lẹ̀ẹ́ wà lórí tábìlì. Mo gbé e, mo fọ̀ ọ́, mo ní ẹ̀kejì rẹ̀ ni màá wá títí màá fi rí i.

Kò rọrùn. Mo wá a káàkiri Pọ́bẹ̀, mo wá a dé Àjàṣẹ́, gbogbo wọn ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti tán. Ọlọ́kadà kan, zẹ̀mí ni kí n wí, ló sọ fún mi pé òun mọ ọ̀kan tó kú sínú oko ní Ahoyéyé. A débẹ̀, a bá a lóòótọ́. Koríko ti hù gba inú rẹ̀, adìẹ ń pamọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo wo abẹ́ bọ́ńpà, mi ò rí nǹkan kan.

Ìyá olóko náà ní, "Kí lò ń wá?"

Mo ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ṣé èyí tó ń fún ewúrẹ́ mi lómi?" Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Ó ti dojú bavẹ́ẹ̀tì náà sókè, ó fi gba omi òjò láti etí òrùlé wọ inú àgbá, ewúrẹ́ mẹ́ta dúró tì í. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ta ni yóò máa pọn omi fún àwọn ewúrẹ́ yìí? Mo padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú páànù àti òòlù, mo lu ọ̀nà omi tuntun fún un, èyí tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ìró omi nínú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa gbé ike mi lọ. Mo kọrin bọ̀ lórí zẹ̀mí, èmi tí mi ò kọrin láti oṣù méje.

Ike náà ti sán níbi méjì. Mo fi irin gbígbóná lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tó sán, mo fi wáyà bàbà rán an bí Sènámì ṣe ń rán aṣọ, mo wá yọ́ ike gbà á lókè kí ojú rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà mo fi kíríkì gbé iwájú mọ́tò sókè, mo sì wọ abẹ́ rẹ̀. Boòtì àtijọ́ ti dógùn-ún, mo fi epo rin ín, mo tú u. Mo wọn ọ̀tún, mo wọn òsì, mo rí i pé kò ní fi ilẹ̀ gbo tí a bá ń gun òkè kékeré tí wọ́n ṣe sójú títì. Mo dè é mọ́lẹ̀ níbi mẹ́fà. Mo fọwọ́ mì í, kò mira.

Nígbà tí mo yọ jáde, Bàbá ti dúró tì mí. Làtífá ń bọ̀ láti ọjà, igbá gàrí ṣì wà lórí rẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa bavẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní, "Ọmọ Ẹ̀gbá, o kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo máa fi ṣe? Mi ò wa mọ́tò mọ́."

Mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Mọ́tò ti pé, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Mo wo ìlà ṣọ́ọ̀kì lára ògiri, ó ti kún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ bu omi lọ́jọ́ yẹn. Mo rí yín. Ó dà sórí sálúbàtà yín, ẹ ní ó ti yó. Èmi ni mo yọ bavẹ́ẹ̀tì tí mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, òun ló jẹ́ kí omi hó tán. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo purọ́."

Làtífá sọ igbá kalẹ̀, gàrí dà sílẹ̀. "Oṣù méje!" Ó kọjú sí mi. "Oṣù méje ni mo fi ń bá bàbá mi wí bí ọmọ iléèwé! Ìwọ ń jókòó, ò ń wò mí! Ò ń jẹ oúnjẹ mi!" Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá rẹ̀. Òun náà ń sunkún.

Bàbá ò tíì wo kọ́kọ́rọ́. Èmi ló ń wò. "Mo bu omi?"

"Ẹ bu omi, Bàbá."

"O rí mi?"

"Mo rí yín."

Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó fi kọ́rùn, ó wọlé. Kò bú mi, kò lé mi. Mo di ẹrù mi kalẹ̀ de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lóde: "Ọmọ Ẹ̀gbá! Jáde wá o! Mò ń bu omi o! Ṣé o rí mi?"

Mo sáré jáde. "Mo rí yín, Bàbá."

"Ó ti yó àbí kò tíì yó?"

"Ó ti yó, Bàbá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì dá a dúró mọ́. Gbogbo àárọ̀ ló ń pè mí síta bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò á máa rẹ́rìn-ín, Sènámì á pariwo láti òdìkejì pé, "Èmi náà rí yín o!" Mo mọ̀ pé ìyà ló fi ń jẹ mí. Mo gbà á. Kò fa ìlà ṣọ́ọ̀kì mọ́. Làtífá kọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko, ṣùgbọ́n kò yọ oúnjẹ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rò pé bóyá mo ti di ara ilé, nítorí ẹni ilé nìkan la máa ń bínú sí tó bẹ́ẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin báyìí. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá tú okùn lọ́rùn fúnra rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó ní mọ́tò ti pọ̀ jù lójú títì, kí n máa gbé òun. Èmi ni mò ń gbé e lọ sí Pọ́bẹ̀ báyìí tó bá fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi, kò gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó jáde bí ìṣe rẹ̀, ó pè mí. Ó ṣí kapó, ó gbé búútà, ó dorí rẹ̀ kodò sẹ́nu rédíétọ̀. Omi kankan ò jáde. Búútà ṣófo. Bàbá dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, ó ń wo ibi tí omi yẹ kó máa gbà, ó wá sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ó ti yó. Ọmọ Ẹ̀gbá, ṣé o rí mi?"

Sálúbàtà rẹ̀ gbẹ.

Mo ní, "Mo rí yín, Bàbá."

Inú rẹ̀ dùn, ó wọlé lọ. Mo gbé búútà lọ sídìí kànga, mo pọn omi sínú rẹ̀, mo sì padà wá bu ú. Nígbà tó bu omi, mo ní mi ò rí i. Nígbà tí kò bu ú, mo ní mo rí i. Mo sọ ọ́ fún Làtífá, ó ní ọjọ́ orí ni, pé bàbá gbogbo èèyàn ń darúgbó. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ bàbá yìí pé kó má gba ara rẹ̀ gbọ́? Oṣù méje ni mo fi kọ́ ọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti gbàgbé ẹ̀kọ́ náà rí.

Lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe ń bu omi náà lọ́wọ́, ojú fèrèsé ni Bàbá ti pè mí. "Ọmọ Ẹ̀gbá, kí lò ń ṣe nídìí mọ́tò?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá. Mo kàn ń wò ó bóyá ó yó ni."

"Ṣé ó yó?"

Omi ti ń dà sórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Ó yó, Bàbá."